Rọ́bà Tó Ṣẹ́, Iná Tó Yá Jù: Ìbéèrè Tó Yẹ Ká Máa Bèèrè Tí Bàálù Kékeré Bá Já

Lọ́jọ́ Tuesday, 1 oṣù Kẹjọ ọdún 2023, bàálù kékeré kan já lulẹ̀ sójú pópó Oba Akran n'Ìkẹjà, ó sì gbiná. Jabiru ni irú bàálù náà, ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ló ní, imú ló sì wà. Wọ́n fa àwọn tó wà nínú rẹ̀ jáde. Ẹni tó bá mọ Oba Akran, tó mọ bí èrò ṣe máa ń pọ̀ níbẹ̀ tó lọ́sàn-án, á mọ̀ pé orí kó àwọn tó wà nílẹ̀ náà yọ.

Kí iná yẹn tó kú tán ni fídíò rẹ̀ ti wà lórí fóònù gbogbo wa. Ẹ sì mọ ohun tí àwọn èèyàn wa máa ń sọ. "Àlòkù ni." "Òyìnbó ti lò ó gbó kí wọ́n tó tà á fún wa." "Ọdún mélòó ni bàálù yẹn ti lò láyé ná?" Ó ti tó ogún ọdún tí mo ti ń kọ ìròyìn, ìbéèrè kan náà la máa ń bèèrè ní gbogbo ìgbà tí nǹkan bá já látòkè. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, a ti gbàgbé, a ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn.

Kí n tètè là á yé yín: mi ò wá síbí láti sọ ohun tó já bàálù Oba Akran. Iṣẹ́ àjọ NSIB tó ń wádìí ìjàǹbá nìyẹn, mi ò ní gba iṣẹ́ wọn ṣe. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ìbéèrè tiwa gan-an ni ò tọ̀nà. Ọjọ́ orí bàálù kọ́ ló yẹ kó máa dẹ́rù bà wá. Ẹ wo Cessna 172. Láti ọdún 1956 ni wọ́n ti ń ṣe é, wọ́n sì ti ṣe ju 44,000 lọ. Èyí tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí 1975 ṣì ń fò káàkiri Amẹ́ríkà lónìí, ó sì ń kọ́ ọmọ tí wọn ò tíì bí ìyá rẹ̀ nígbà yẹn ní bàálù wíwà. Ìbéèrè tó yẹ ká máa bèèrè ni pé: ta ló fọwọ́ kàn án kẹ́yìn? Kí ló ṣe sí i? Ibo ló kọ ọ́ sí?

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé yín dáadáa, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú yín lọ sídìí ọkọ̀ ìjàpá bàbá mi.

Ìjàpá tó kú sí Ogere

Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí lè má mọ̀ ọ́n dáadáa, àmọ́ nígbà tí a wà ní kékeré, Volkswagen tí a ń pè ní ìjàpá ló kún títì. Láti 1975 ni wọ́n ti ń tò wọ́n pọ̀ níbí, ní ilé iṣẹ́ tó wà lójú ọ̀nà Badagry l'Ékòó. Bàbá mi ní ọ̀kan, aláwọ̀ búlúù.

Ìjàpá ò ní rédíétọ̀, kò sì sí omi tí à ń bù sí i. Atẹ́gùn ló ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lára. Fáànù kan ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, páànù ń darí atẹ́gùn yẹn gba ibi tó yẹ kó gbà, rọ́bà kan sì yí etí ẹ́ńjìnnì po, kí ooru tó ti jáde nísàlẹ̀ má bàa rápálá gòkè padà sínú fáànù.

Nígbà tí rọ́bà yẹn gbó, mẹkáníìkì tó ń bá bàbá mi tún ọkọ̀ ṣe fà á yọ, ó sọ ọ́ nù. Ó ní ọkọ̀ á ṣiṣẹ́ láìsí i. Òótọ́ ló sì sọ, ọkọ̀ ṣiṣẹ́. Ó ṣiṣẹ́ fún oṣù mélòó kan. Lọ́jọ́ kan tí à ń bọ̀ láti Ìbàdàn, lọ́sàn-án gangan, nígbà tí a dé Ogere ni ẹ́ńjìnnì nọ́ọ̀kì. A bọ́ọ́lẹ̀, a tì í sẹ́bàá títì, a sì jókòó sábẹ́ igi títí tí ẹni tó máa fà á fi dé. Bàbá mi ra ẹ́ńjìnnì mìíràn. Mẹkáníìkì ní ẹ́ńjìnnì ti àkọ́kọ́ ló ti gbó. Kò sẹ́ni tó dárúkọ rọ́bà.

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé rọ́bà yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Eyín òòyà àti páànù

Ọ̀rẹ́ mi kan wà tí a jọ gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì kan náà ní poli. Èmi ń kọ́ iṣẹ́ ìròyìn, òun ń ka Mechanical. Ó ti di ẹnjinía bàálù báyìí. Òun ló ṣí imú bàálù kékeré kan hàn mí lọ́jọ́ kan, ìyẹn irú èyí tí wọ́n fi ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Mo wò ó, mo ní, "Ìjàpá bàbá mi rèé!" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní mi ò jìnnà sóòótọ́.

Ọ̀pọ̀ bàálù kékeré tó ń lo ẹ́ńjìnnì onípiston, irú Lycoming, Continental àti Jabiru, atẹ́gùn ló ń tù wọ́n lára. Tí ẹ bá wo ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà, ẹ ó rí irin pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ tó tò lé ara wọn bí eyín òòyà. Bẹ́ẹ̀ náà ló wà lára cylinder bàálù. Atẹ́gùn tó bá gba ihò méjì iwájú wọlé á kọ́kọ́ péjọ sórí ẹ́ńjìnnì. Wọn ò fẹ́ kó sá lọ látibẹ̀. Wọ́n fẹ́ kó gba àárín eyín òòyà yẹn sọ̀ kalẹ̀, kó máa kó ooru dání lọ, kó tó gba ìsàlẹ̀ jáde.

Páànù ló dí ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn kó má bàa sá. Àmọ́ páànù ò gbọdọ̀ kan ìbòrí imú bàálù, torí pé ẹ́ńjìnnì máa ń gbọ̀n, tí irin bá ń ha irin, wọ́n á jẹ ara wọn. Àlàfo díẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn. Rọ́bà ló ń dí àlàfo yẹn.

Ọ̀rẹ́ mi fọwọ́ lé rọ́bà náà, ó ní kí n wo bó ṣe tẹ̀. Ó tẹ̀ síhà ibi tí atẹ́gùn wà, kí atẹ́gùn fúnra rẹ̀ lè máa tì í mọ́ ìbòrí. Tí ẹni tó ń dé ìbòrí bá kánjú, tí rọ́bà bá ṣẹ́ síhà kejì, atẹ́gùn á já a sílẹ̀, á gba ibẹ̀ sá lọ. Atẹ́gùn ò yàtọ̀ sí omi, ibi tó bá rọrùn ló ń gbà. Cylinder tó yẹ kó tù lára á wá máa jóná níbi tó wà, bàálù á sì máa fò bí ẹni pé kò sí nǹkan kan.

Ọ̀nà tí ẹnjinía fi ń mọ̀ kò le. Á ṣí ìbòrí, á wo inú rẹ̀ bóyá rọ́bà ti fi àmì sí i yíká. Ibi tí àmì ò bá sí, rọ́bà ò kàn án níbẹ̀ nìyẹn. Á tan tọ́ọ̀ṣì wo ihò tó wà lára páànù, á sì fi gọ́ọ̀mù tí ooru kì í yọ́ dí i. Iṣẹ́ wákàtí kan tàbí méjì ni. Owó rọ́bà náà ò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó cylinder kan ṣoṣo.

Ooru yìí ní ìwọ̀n. Lycoming ní orí cylinder ò gbọdọ̀ kọjá dígírì 260 Celsius lára ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Àmọ́ ilé iṣẹ́ yẹn kan náà ló ní tí ẹ bá fẹ́ kó pẹ́ láyé, ẹ má jẹ́ kó kọjá nǹkan bíi 204 nígbà tí ẹ bá ń rìn jẹ́jẹ́ lókè. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ bàálù tó ti pẹ́, ara cylinder kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń wọn ooru. Tó bá jẹ́ pé òmíràn ló ń jóná, awakọ̀ ò ní mọ̀.

Ẹ wá gbé e wá sílé. Ẹ fojú inú wo bàálù kékeré tó tò sẹ́yìn àwọn bàálù ńlá ní pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà, lọ́sàn-án oṣù Kẹta, tó ń dúró de ìgbà tí wọ́n máa ní kó gbéra. Kò tíì máa sáré, atẹ́gùn tó ń wọ imú rẹ̀ kéré. Ibẹ̀ ni rọ́bà tó ṣẹ́ ti máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ibi rẹ̀, kí bàálù tó kúrò nílẹ̀ rárá.

Iná tó yá jù

Ìdajì ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ìdajì kejì ni iná púlọ́ọ̀gì.

Cylinder bàálù kọ̀ọ̀kan ní púlọ́ọ̀gì méjì. Magneto méjì ló ń fún wọn níná, ọ̀kan fún púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan, wọn ò sì gbára lé bátìrì. Tí bátìrì bá kú lókè, ẹ́ńjìnnì ò ní kú. Tí magneto kan bá kú, èkejì á gbé yín délé. Ìdí nìyẹn tí ẹnjinía kì í fi í fọwọ́ yẹpẹrẹ mú propeller lórí ilẹ̀: tí wáyà tó ń pa magneto bá já, ẹ́ńjìnnì lè ṣáná lójijì, kódà tí kò bá sí bátìrì lára ọkọ̀.

Púlọ́ọ̀gì kì í dúró kí piston dé òkè pátápátá kó tó ṣáná. Ó máa ń ṣáná díẹ̀ ṣáájú, kí epo lè ráyè jó. Lára ọ̀pọ̀ Lycoming, dígírì 25 ni. Lára àwọn mìíràn, 20 ni. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ìgbà 2,400 ní ìṣẹ́jú kan, dígírì 25 yẹn ò tó ìdá kan nínú 500 ìṣẹ́jú àáyá. Òun ni àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní timing, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fi etí gbọ́, tí wọ́n á yí i díẹ̀, tí wọ́n á ní, "Ó ti wọlé."

Bàálù ò gba fífi etí gbọ́. Tí iná bá yá jù, epo á ti máa jó nígbà tí piston ṣì ń gòkè bọ̀. Ooru á pọ̀ sí i, agbára tó ń ti piston á ga ju bó ṣe yẹ lọ. Tó bá burú jù, epo ò ní dúró de iná mọ́, á máa bú fúnra rẹ̀ bí ẹni ń fi òòlù lu orí piston. Ẹ́ńjìnnì ò lè fara da ìyẹn pẹ́.

Timing náà kì í dúró sójú kan. Tí kọ́ńtáàtì inú magneto bá ń jẹ, iná á máa yá sí i. Tí ibi tí irin ń tẹ̀ tó ń ṣí kọ́ńtáàtì bá ń jẹ, iná á máa pẹ́ sí i. Nítorí náà ni àwọn tó ń ṣe magneto fi ní kí wọ́n tú u wò ní gbogbo wákàtí 500. Láàárín ìgbà yẹn, ẹnjinía á máa fi àpótí kékeré kan tó ń tanná yẹ̀ ẹ́ wò, á sì kọ iye dígírì tó bá níbẹ̀ sílẹ̀.

Ibì kan tún wà tí àṣìṣe ti máa ń wọlé. Lycoming jẹ́ kí wọ́n yí timing àwọn ẹ́ńjìnnì kan padà láti 25 sí 20, kí wọ́n sì tẹ iye tuntun sára pátákó irin kékeré tó wà lára ẹ́ńjìnnì. Ìyẹn ni pé ẹ́ńjìnnì méjì tó jọra bí ìbejì lè má jọ ní timing kan náà. Ẹni tó bá fi ọpọlọ ṣiṣẹ́ láì wo pátákó á sọ pé, "Mo mọ irú èyí, 25 ni." Dígírì 5 péré. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Ẹnì kan á ní, ṣebí awakọ̀ máa ń yẹ magneto wò kó tó gbéra? Bẹ́ẹ̀ ni. Á pa ọ̀kan, á wo bí eré ẹ́ńjìnnì ṣe lọ sílẹ̀ tó, á ṣe èkejì bẹ́ẹ̀. Lára Lycoming, kò gbọdọ̀ lọ sílẹ̀ ju 175 lọ ní ìṣẹ́jú kan, ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ò sì gbọdọ̀ ju 50 lọ. Ó dáa, ó sì pọn dandan. Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí: tí magneto méjèèjì bá jọ yá jù ní ìwọ̀n kan náà, wọn ò ní yàtọ̀ síra wọn. Eré ẹ́ńjìnnì tilẹ̀ lè má lọ sílẹ̀ tó bó ṣe máa ń lọ. Awakọ̀ á ní, "Ọkọ̀ yìí mà dùn o." Ọkọ̀ tó dùn yẹn ló ń jóná díẹ̀díẹ̀.

Ẹ wá pa méjèèjì pọ̀. Rọ́bà tó ṣẹ́ ń gbé ooru sókè, iná tó yá jù ń gbé ooru sókè. Ó lè má sí èyí tó máa dá pa ẹ́ńjìnnì lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Wọ́n á jọ máa jẹ ẹ́ lọ, bí ikán ṣe ń jẹ òpó, títí ọjọ́ kan.

Ohun tí àwọn ará Australia ṣe

Australia ni wọ́n ti ń ṣe Jabiru. Ní oṣù Kejìlá 2014, àjọ CASA tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú níbẹ̀ fi òfin de àwọn bàálù tó ń lo ẹ́ńjìnnì Jabiru. Wọ́n dín fífò wọn kù lórí ibi tí èrò pọ̀ sí, wọ́n sì ní èrò tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ dá fò ó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé pé òun mọ ewu tó wà níbẹ̀. Ìyẹn sí ilé iṣẹ́ ìlú wọn fúnra wọn o.

Ní oṣù Kẹta 2016, àjọ ATSB tó ń wádìí ìjàǹbá lọ́hùn-ún gbé ìròyìn jáde. Wọ́n ka ìgbà 322 tí ẹ́ńjìnnì bàálù kékeré kú tàbí tó ṣe ségesège láàárín 2009 sí 2014. Bí ẹ bá fi wákàtí tí wọ́n fi fò wé e, ti Jabiru ju ìlọ́po méjì ti àwọn ilé iṣẹ́ yòókù lọ. Wọ́n sì tọ́ka sí ibi tó ti ń wá jù: àwọn bóòtù gígùn tó di ẹ́ńjìnnì mú ló máa ń kán. Nígbà tó yá lọ́dún yẹn, wọ́n tú òfin náà fún ẹni tó bá ti tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe bí ilé iṣẹ́ ṣe là á sílẹ̀.

Mi ò sọ èyí láti fi ba orúkọ ẹnikẹ́ni jẹ́, mi ò sì ní ohun tó ṣẹlẹ̀ n'Ìkẹjà nìyẹn. Ohun tó wù mí níbẹ̀ ni 322. Ẹ bi ara yín: báwo ni wọ́n ṣe rí 322 kà? Torí pé ẹnì kan kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ẹnikẹ́ni ò kú. Ẹ́ńjìnnì kàn gbọ̀n, tàbí ó kú, awakọ̀ sì balẹ̀ sórí pápá ẹnì kan, ó bọ́ọ́lẹ̀, ó lọ kọ ọ́ sílẹ̀. Láti inú àwọn àkọsílẹ̀ kéékèèké yẹn ni wọ́n ti rí bóòtù.

Níbí ńkọ́?

Àwa náà ní òfin. Bàálù ò gbọdọ̀ fò lẹ́yìn àtúnṣe láìjẹ́ pé ẹnjinía tó ní ìwé àṣẹ fọwọ́ sí i, NCAA sì wà níbẹ̀ láti máa bójú tó o. Àmọ́ NCAA ò lè dúró ti ẹnjinía kọ̀ọ̀kan nígbà tó bá ń tẹ rọ́bà sípò.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ owó. Ṣáájú oṣù Kẹfà 2023, nǹkan bíi náírà 460 ni dọ́là kan ní báńkì. Ní 2024, ó ti kọjá 1,500. Rọ́bà bàálù, púlọ́ọ̀gì bàálù, magneto, kò sí èyí tí wọ́n ń ṣe níbí nínú wọn. Ẹni tó ń fi náírà gba owó iṣẹ́ ló ń fi dọ́là ra nǹkan tó máa fi tún ọkọ̀ ṣe. Ẹ mọ ọ̀rọ̀ tó máa ń jáde lẹ́nu wa nírú àkókò bẹ́ẹ̀: "Ẹ jẹ́ ká ṣì máa manage ẹ̀." Ọ̀rọ̀ yẹn ti gbé ọ̀pọ̀ wa kọjá ìyà nílẹ̀ yìí, mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mẹkáníìkì bàbá mi kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ṣe ohun tí owó ọwọ́ wọn ká ni. Àmọ́ ibi tí manage ti gbà wá ni Ogere, níbi tí ẹ̀bá títì wà.

Àwọn kan á ní kí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ kúkú ra bàálù tuntun, irú Diamond tó ń lo ẹ́ńjìnnì Austro, tí omi ń tù lára, tí kọ̀ǹpútà ń darí bí epo ṣe ń wọ inú rẹ̀, tó sì ń lo epo Jet A-1 tí bàálù ńlá ń lò. Ó dáa. Òun náà ṣì ní wákàtí tí wọ́n gbọ́dọ̀ pààrọ̀ àwọn nǹkan kan lára rẹ̀. Ẹni tí kò bá kọ timing magneto sílẹ̀ lánàá, kí ló máa mú un kọ tòní sílẹ̀?

Ohun méjì ni mo rò pé ó yẹ ká máa béèrè lọ́wọ́ ìjọba. Àkọ́kọ́, kí wọ́n máa gbé ìròyìn àwọn àléébù kéékèèké tí kò pa ẹnikẹ́ni jáde fún aráàlú lọ́dọọdún: ẹ́ńjìnnì wo ló gbóná, magneto wo ló yẹ̀, lẹ́yìn wákàtí mélòó. Èkejì, ẹnjinía tó bá ní "bàálù yìí ò ní fò lónìí" nítorí rọ́bà, kí òfin dáàbò bò ó, kí ọ̀gá rẹ̀ má lè lé e lẹ́nu iṣẹ́.

Ohun kan sì wà fún ẹ̀yin fúnra yín. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ń dá owó jọ láti lọ kọ́ bàálù wíwà, yálà ní Zaria, ní Ìlọrin, tàbí lókè òkun. Kí ẹ tó sanwó, ẹ má wulẹ̀ wo bí ọ̀dà bàálù ṣe ń dán. Ẹ ní kí wọ́n fi logbook ẹ́ńjìnnì hàn yín. Ẹ bèèrè ìgbà tí wọ́n tú magneto wò kẹ́yìn. Ẹ bèèrè iye dígírì tí wọ́n bá lára timing, kí ẹ sì wò ó bóyá ó bá ti pátákó ara ẹ́ńjìnnì mu. Ẹ bèèrè bóyá gbogbo cylinder ni wọ́n ń wọn ooru rẹ̀ àbí ọ̀kan péré. Ilé ẹ̀kọ́ tó bá ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ, inú rẹ̀ á dùn sí ìbéèrè yín. Èyí tó bá bínú, ó ti dá yín lóhùn nìyẹn.

Kí n tó kúrò lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi lọ́jọ́ yẹn, ó dé ìbòrí imú bàálù náà padà. Ó fi ìka tọ etí rọ́bà yíká kó tó dè é, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ lè dé. Lẹ́yìn náà ló mú bírò, ó jókòó sórí àga kékeré kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé. Ó pẹ́ lórí ìwé yẹn ju bó ṣe pẹ́ lórí rọ́bà lọ.